Bí ìtẹ́ kéèjì ẹmọ́ òyìnbó yín kò ṣe ní máa rùn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé

Sátidé lẹ tún kéèjì ṣe. Ẹ kó ìtẹ́ tó ti gbó dà nù, ẹ fọ ìsàlẹ̀, ẹ da tuntun sí i, gbogbo pálọ̀ ń run bíi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Nígbà tó fi máa di Àlàrùbá, àlejò ti ń fi ọwọ́ bo imú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún da òmíràn lé e lórí, òórùn ò kúrò. Ẹ fín lọ́fínńdà sí yàrá, ó wá di òórùn méjì.

Ẹranko tí òyìnbó ń pè ní guinea pig ni mò ń sọ, tí àwọn ọmọ ilé wa ń pè ní ẹmọ́ òyìnbó. Abo méjì la ní ní Tankẹ, ní Ìlọrin níbí. Koríko, ewé àti omi ni oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń tọ̀ ju bí ara wọn ṣe mọ lọ. Ìtọ̀ náà kì í rùn púpọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá dúró sójú kan, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ló ń di amóníà, afẹ́fẹ́ tó ń ta ni lójú yẹn. Imú ẹmọ́ òyìnbó kò jìnnà sílẹ̀ ju ìbú ìka méjì lọ. Kí òórùn tó dé imú tiyín, òun ti ń fà á símú láti àná. Àyà wọn kò sì lágbára rárá, àrùn èémí tètè máa ń mú wọn lọ.

Ẹ má wá ohun tó máa pa òórùn. Ẹ wá ohun tó máa fa omi lọ sísàlẹ̀, kí òkè tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ lè gbẹ. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dá lé.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àpò ìrẹsì ńlá kan tó kún fún pákó fífá (mo máa ṣàlàyé èyí tó dáa). Kéèjì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì ni tèmi, àpò kan ń gbé mi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.
- Ajọ̀ gààrí àtijọ́ kan. Tí ó bá ti wọ iṣẹ́ yìí, kò gbọdọ̀ padà sí ìdí gààrí mọ́.
- Tapólì tí ẹ máa sá nǹkan lé. Báńà olóṣèlú tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò dáa fún un. Ẹ kan dojú ọlọ́lá dé ilẹ̀, nítorí ọ̀dà ara rẹ̀ máa ń ṣí.
- Ìwé ìròyìn àtijọ́.
- Fínígà funfun, búrọ́ọ̀ṣì, ìkólẹ̀ kékeré.
- Ìbòmú, ti ìgbà kòrónà yẹn.
- Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà.
- Fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí kéèjì: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ wáyà, bíi ti àwọn tó ń sin ehoro, kò sí ìtẹ́ tó lè gbà yín. Wáyà máa ń gé wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, egbò ibẹ̀ sì lè wọ eegun. Ẹ wá nǹkan pẹlẹbẹ bò ó pátápátá kí ẹ tó ka ìyókù.

1. Ẹ yan ohun tí ẹ máa tẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, torí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun méjì ló ń já bọ́ lára igi. Èkíní ni lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú jáde ní sọ́ọ̀mìlì, tó kúnná bí èlùbọ́. Èkejì ni èyí tó ń jáde nígbà tí káfíńtà bá ń fi pléènì fá ojú pákó: ó fẹ́lẹ́, ó gbòòrò, ó sì máa ń ká kọ́ǹdọ́kọ́ǹdọ́ bí irun ọmọ Lárúbáwá. Èkejì yìí ni mò ń pè ní pákó fífá, òun sì ni ẹ ń wá. Àyè wà láàárín ìká rẹ̀ tí ìtọ̀ lè gbà ṣàn wálẹ̀, igi náà á wá fà á mu níbẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú máa ń fani mọ́ra torí ọ̀fẹ́ ni ní ibi púpọ̀. Ó ń fa omi lóòótọ́. Àmọ́ tí ó bá gbẹ, ó ń fò wọ imú àti ojú. Tí ó bá rin, ó ń di ẹrẹ̀. Lára akọ, ó tún máa ń kó sí ojú ara, á dì síbẹ̀, ìtọ̀ á sì di ìṣòro. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó kéré nínú àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú rẹ̀ òsì sì lẹ̀ mọ́ra láàárọ̀. Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá kò tíì fọwọ́ kàn án tó ti bi mí pé, "Kí lẹ tẹ́ fún un?"

Igi wo? Mẹ̀láínà tó ti gbẹ dáa. Afárá náà dáa. Ẹ yẹra fún òfún, tí àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní Mansonia, àti ìrókò. Àwọn tó ń là wọ́n gan-an mọ̀ pé eruku wọn ń mú ni sín, ó sì ń yún ni lára. Igi páìnì tó ń wá pẹ̀lú ẹrù òkè òkun, ẹ má lò ó ní tútù. Bí ó bá ṣì ń ta sánsán, epo inú rẹ̀ kò dáa fún wọn. Àfi èyí tó ti gbẹ dénúdénú tí òórùn rẹ̀ ti lọ. Ti sídà, ẹ má gbé e wọlé rárá.

Ẹ má tún gba èyí tó ti dà pọ̀ mọ́ ti púláíhúùdù tàbí pákó olójú dídán, torí gọ́ọ̀mù wà nínú wọn. Bákan náà ni pákó tí wọ́n ti fi oògùn ìkán kùn. Káfíńtà kì í ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ àyàfi tí ẹ bá bá a sọ ọ́. Bí èmi àti tèmi ṣe ń sọ ọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àáfà. Igi wo lẹ̀ ń fá lónìí?"

"Mẹ̀láínà ni. Ti adìẹ lẹ fẹ́ ni?"

"Rárá o, ti ẹmọ́ òyìnbó ni."

"Ẹmọ́! Ẹ ò kúkú ṣe tẹ́ ẹní fún un?"

"Ẹ bá mi kó ti òní nìkan, Àáfà, kí ti púláíhúùdù àná má kàn án."

Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín títí dòní, ṣùgbọ́n ó máa ń gbá ilẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fá tèmi. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní owó díẹ̀. Ẹ tètè dé pẹ̀lú, torí àwọn olóko adìẹ ń wá ohun kan náà, àpò ogún ni wọ́n sì ń kó lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí:

Èèpo ìrẹsì, tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bó ìrẹsì Pàtígi: kò fa omi, ẹnu rẹ̀ sì mú, ó ń gún àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n gún: ó ń tètè hu èébu, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́. Koríko gbígbẹ: oúnjẹ ni, ẹ fi sókè kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa rá pálá wọnú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun nìkan bá ni ìtẹ́, ìtọ̀ á kàn ṣàn kọjá lára rẹ̀. Ìwé ìròyìn: abẹ́ ni ipò rẹ̀. Yanrìn àti eérú: rárá. Ìtẹ́ tó ti gba abẹ́ adìẹ kọjá: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa sọ pé rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní alẹ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ gbé e lélẹ̀ kí ó tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ó já bọ́ láti ìbàdí gba iwájú iná náà. Bí ẹ bá rí eruku tó ń rà bàbà lójú iná tí kò sì balẹ̀ bọ̀rọ̀, kò tíì tó wọ kéèjì. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kejì ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún aláàpò.

2. Ẹ sá a, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀

Ẹ da gbogbo àpò sórí tapólì nínú oòrùn. Ọjọ́ kan tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àsìkò òjò, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa kó o wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ tú u. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ìṣó, nítorí ìṣó máa ń wà níbẹ̀. Mo ti rí abẹ́ ayùn tó ṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Tí ó bá gbẹ, ẹ lo ìbòmú, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn máa ti fẹ́ eruku kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ohun tó kúnná á lọ sílẹ̀, ohun tó ká á kù lókè. Bí ẹ bá jọ̀ ọ́ tán tí ìdajì ti lọ sílẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi kún àpò fún yín.

Ìkìlọ̀: ẹ má gbé àpò lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán. Ilẹ̀ á tutù wọ̀ ọ́ láti abẹ́, ìkán á sì mọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ fi pákó dábùú rẹ̀, ẹ gbé e lé e, kí ẹ so ẹnu àpò dáadáa nítorí eku ilé. Eku ilé máa ń tọ̀ sí i, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè kó àrùn ran ẹranko yín àti ọmọ yín. Ẹ má ju káńfọ̀ sínú àpò láti fi lé kòkòrò. Májèlé ni fún ohun tó máa sùn lórí rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan mú, ẹ fún un gan-an, ẹ sì la ọwọ́. Èyí tó gbẹ á tú ká, á tún wú padà. Èyí tó bá dì bí ẹ̀bà, ó ṣì tutù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: tí ó bá ń run bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ ní tútù, èébu ti wà nínú rẹ̀. Oòrùn kò lè tún ìyẹn ṣe, ẹ sun ún.

3. Ẹ tún ìsàlẹ̀ kéèjì ṣe

Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ pákó, ìtọ̀ á wọ inú rẹ̀, kò sì sí fífọ̀ tó máa yọ ọ́ mọ́. Ẹ gé kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà kan kí ó tóbi ju ilẹ̀ kéèjì lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ká etí rẹ̀ sókè mọ́ ara ògiri kéèjì. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan etí náà mọ́lẹ̀, torí etí tó bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ da ife omi kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ wo abẹ́ kéèjì. Kò gbọdọ̀ sí ibi tó rin.

4. Ẹ tẹ́ ẹ

Ìwé ìròyìn ló máa kọ́kọ́ wọlé, ìpele mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ó dé gbogbo igun. Lẹ́yìn náà ni pákó fífá. Ó gbọdọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Ẹni tí kò ní rúlà, kí ó ti ìka ìtọ́ka bọ̀ ọ́: tí kò bá bo oríkèé kejì, kò tíì tó.

Ibí ni ahun ti ń pa wá. Ẹ máa rí i tí ènìyàn wọ́n ọn bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, pé òun ò fẹ́ kí ó tètè tán. Ìtẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rin títí dé òkè ní ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ lẹ máa kó dànù. Èyí tó nípọn, igun kan péré lẹ máa bù kúrò nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi tó ń ṣọ́wó ná ni mo sọ bẹ́ẹ̀: nínípọn ló dínwó.

Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹranko tó wọlé, ẹ bu omi ìwọ̀n agolo mílíìkì kékeré kan, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sí igun kan. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ òkè ibẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ mọ òtútù ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ wá tú u dé ìsàlẹ̀: ìwé ìròyìn lè tutù, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ dúró lórí rẹ̀. Bí omi bá dúró, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún gíga pákó fífá náà. Bí òkè ni kò gbẹ, igi yẹn ló kúnná jù. Ẹ kó ibi tí ẹ fi dán an wò kúrò, ẹ fi tuntun dípò.

5. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ mọ ilé ìtọ̀ wọn

Ẹmọ́ òyìnbó kì í kọ́ ilé ìtọ̀ bíi ológbò, ẹ má tan ara yín. Ìgbẹ́ wọn á wà káàkiri. Àmọ́ ìtọ̀ ní ibi tó fẹ́ràn: igun tó ṣókùnkùn, abẹ́ ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, àti iwájú koríko, nítorí bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń tọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa fọwọ́ kan gbogbo igun láàárọ̀, kí ẹ mọ èyí tó máa ń rin jù. Lọ́dọ̀ tèmi, igun tó kọjú sí ògiri ni, àti iwájú àgbékọ́ koríko.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi pákó fífá ìlọ́po méjì sí àwọn ibi méjèèjì yẹn. Ẹ gbé koríko kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e kọ́, kí ìtọ̀ má ba oúnjẹ jẹ́. Àwo omi, tí kì í bá ṣe ìgò onírọ́bà, ẹ gbé e lé orí táìlì kan. Ìgò onírọ́bà náà ń jò. Ẹ fi ìwé sí abẹ́ ẹnu rẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ wò ó. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bú ẹranko lórí ìtọ̀ tó jẹ́ pé ìgò ló ń tọ̀ ọ́.

6. Ojoojúmọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún

Ẹ fi ìkólẹ̀ bu ibi tó rin kúrò, títí kan ìwé abẹ́ rẹ̀ bí ó bá ti gba omi. Ẹ fi tuntun dí ojú ibẹ̀. Ẹ kó èyí tó pọ̀ nínú ìgbẹ́. Ó parí.

Ohun méjì tí a kì í ṣe: a kì í tú u pọ̀, a kì í da tuntun lé èyí tó rin lórí. Ẹni tó tú u pọ̀ ti gbé omi ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹni tó dà á lé e lórí ti bo ìkòkò tó ń hó ni, ooru ìtẹ́ abẹ́ yẹn á máa ṣe amóníà lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ooru, oṣù kẹta àti ìkẹrin, ara wọn kì í gba ooru tó bá ti kọjá 27 sí 30 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì (°C), Ìlọrin sì ń kọjá ìyẹn dáadáa lọ́sàn-án. Àwọn kan máa ń ju omi inú ọ̀rá tó ti dì sínú kéèjì kí wọ́n lè sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà ju ú. Mo lọ sí ọjà Ìpàtà, mo padà dé, wọ́n ti fi eyín lu ọ̀rá náà, gbogbo ìtẹ́ ti di ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì gun orí búlọ́ọ̀kù wọn bí ẹni tí omíyalé bá. Ike tó le ni kí ẹ lò, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, torí ike tútù pàápàá ń làágùn, òógùn rẹ̀ sì ń rin ìtẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ gbé imú dé ibi tí imú wọn wà, ẹ mí símú lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ó bá ta yín nímú díẹ̀, ẹ kò bù tó. Òórùn tí ẹ gbọ́ ní ìdúró kò kà.

7. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: kíkó gbogbo rẹ̀

Ẹ gbé àwọn ẹranko sínú páálí tí koríko wà nínú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìtẹ́ àtijọ́ tó gbẹ sọ́tọ̀. Ẹ máa fọ́n ọn sórí tuntun tí ẹ bá parí, kí wọ́n lè gbóòórùn ara wọn níbẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì sí wọn, ṣe ni wọ́n á tún máa tọ̀ sí gbogbo igun láti fi sààmì sí i.

Ẹ máa rí ohun funfun kan tó dì mọ́lẹ̀ bí ẹfun. Kálísíọ̀mù ni, ara wọn ló ń gbé e jáde nínú ìtọ̀. Ọṣẹ kì í mú un. Ẹ po fínígà àti omi ní ìdọ́gba, ẹ dà á sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì há a. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ" kò tó.

Ìkìlọ̀ tó le jù nínú gbogbo èyí: omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, tí gbogbo wa ń pè ní jíìkì, kò gbọdọ̀ kan fínígà, kò sì gbọdọ̀ kan ìtọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀ kúrò. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú méjèèjì lè ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́, ká tó wá sọ ti ẹranko tí kò wọn kílò kan ààbọ̀. Ẹ má sì lo oògùn ìfọlẹ̀ tó máa ń funfun bí wàrà tí a bá dà á sómi. Òórùn rẹ̀ ń dúró pẹ́, ó sì ń jó wọn lẹ́sẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, lára wọn:* Kí ẹ tó dá wọn padà, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Ọmọ ìka mẹ́rin ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ní ti ẹ̀yìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọdọ̀ dán, kí ó sì rọ̀. Bí ó bá pọ́n, tí ó wú, tàbí tí irun ibẹ̀ ti bó, ìtẹ́ yín ń rin tàbí ó ń gún wọn. Ẹ wo ìdí: tí ó bá tutù tí eṣinṣin ń yí i ká, idin lè wọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ wo ìtọ̀ lórí pákó náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn igi tó funfun. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ohun funfun náà bá há bíi yanrìn, òkúta lè wà nínú àpò ìtọ̀. Ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ má gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ, torí àwọn kan nínú oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) tí wọ́n ń fún adìẹ gbé mì lè pa ẹmọ́ òyìnbó.

Fún ẹni tí kò sún mọ́ káfíńtà: ìtẹ́ aṣọ

Mo ní àbúrò kan ní Òmù-Àrán tó jẹ́ pé aṣọ ló ń lò, ó sì ń ṣe dáadáa fún un. Búláńkẹ́ẹ̀tì onírun múlọ́múlọ́ ti òkìrìkà ni. Irú aṣọ yẹn kì í fa omi mu, ó ń jẹ́ kí omi gbà á kọjá ni, torí náà táwẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa fà á.

Ibi tí wọ́n ti ń kùnà: wọ́n máa ń tẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rà á. Irú aṣọ yẹn, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ dáadáa, máa ń ní ohun kan lára tó ń mú omi yí dà sílẹ̀ bíi ti ewé kókò. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, láìfi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Ẹ ní tó mẹ́ta, ọ̀kan nínú kéèjì, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú àpótí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ á dójú tì yín. Ẹ máa gbá ìgbẹ́ orí rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí wọ́n bá ti ń jẹ aṣọ náà, kì í ṣe ìtẹ́ wọn, ẹ padà sí pákó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ da ṣíbí omi kan sí i. Tí omi bá dúró lórí bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Tí ó bá wọlẹ̀ kí ẹ tó ka ẹ̀wá, ó ti ṣe tán.

Òjò àti ọyẹ́

Lásìkò òjò, ẹ má dúró dé ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo ń kó gbogbo rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, ìtẹ́ kì í rí ibi gbẹ sí. Ẹ ra àpò púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ kó o pamọ́.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Ẹ jọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ gbé kéèjì kúrò lẹ́nu fèrèsé, kí ẹ má wọ́n omi sí ìtẹ́ láti fi pa eruku. Tí òtútù òru bá mú, ẹ fi koríko gbígbẹ kún un ní igun ibi tí wọ́n ń sùn. Wọ́n á wọnú rẹ̀ lọ.

Èyí tí ẹ kó jáde

Ẹ má sun ún, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Ẹ kó o jọ sẹ́yìnkùlé, ẹ bò ó, ẹ máa bu omi sí i, kí ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Igi tí kò tíì jẹrà máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ohun ọ̀gbìn, ẹ ó rí i tí ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo mọ̀ pé tèmi ti tó nígbà tí ó bá ti dúdú, tí mi ò lè tọ́ka sí ibi tó ká nínú rẹ̀ mọ́, tó sì ń run bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìdí gbọ̀rọ̀ ni mo ń dà á sí. Gbọ̀rọ̀ náà ti gun òrùlé ilé ìdáná dé orí ti aládùúgbò.